Ẹnu mi ti là o, ẹ bá mi dúpẹ́!

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga o, torí ẹnu tí mo fẹ́ fi yìn ín gan-an ni àìsàn fẹ́ tì pa. Oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni, iwájú etí níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ wá lanu, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń yí. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó kó, nígbà tó yá ó há, ìka mẹ́ta tí dókítà ní ó yẹ kó wọ ẹnu èèyàn tá a bá tò wọ́n léra, méjì gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ tèmi. Kí n yán lásán, wàhálà ni. Ìrora ọ̀hún á gba inú etí, á tún gun orí, wọ́n yẹ etí mi wò títí, etí ò ṣe nǹkan kan.

Mo lo oògùn, mo ń wọ ike tí wọ́n ṣe fún eyín mi sùn kí n má baà máa wa eyín pọ̀ lójú oorun, á rọlẹ̀ á tún padà. Ni dókítà bá ní ká gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Abẹ́rẹ́, níwájú etí! Àyà mi já. Wọ́n kọ́kọ́ pa ibẹ̀ kú, wọ́n wá fi omi iyọ̀ fọ inú oríkèé náà, omi ń gba abẹ́rẹ́ kan wọlé, ó ń gba ìkejì jáde, kí wọ́n tó fi oògùn steroid díẹ̀ sí i kó lè mú kí wíwú inú ẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ojú mi kan ò pa dé, ètè mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní mo gbé! Wọ́n ní oògùn tó pa ibẹ̀ kú ló kan iṣan ojú, pé á lọ, ó sì lọ lóòótọ́.

Ká má parọ́, ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ò lọ lójijì o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tiẹ̀ kọ́kọ́ wú. Ṣùgbọ́n mo jókòó lọ́jọ́ kan báyìí, mo kàn déédéé yán, ẹnu là gbàgà, kò há, kò dùn mí, ni mo bá fò sókè, mo ń pariwo Halleluyah!

Ó ṣì ń dún kó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dókítà ní tí ò bá ti dùn mí kí n fi í sílẹ̀, ó sì ní a ò ní máa gún steroid yẹn lemọ́lemọ́ torí ó lè jẹ kèrékèré, ìyẹn egungun rírọ̀ inú oríkèé náà, torí náà mò ń wọ ike mi lọ. Ẹ̀yin tó ń jẹ irú ìrora yìí, Olúwa á dá yín lóhùn, ẹ ṣáà lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyìn ni fún Ọlọ́run!