Yíyan DAC fún Ẹni tí ó ń fi Kọ̀ǹpútà Gbọ́ Orin Nílé

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé DAC wo, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di iná ohùn, ni kí àwọn rà láti máa fi kọ̀ǹpútà gbọ́ orin nílé, orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí irú chip tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi kì í bá wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní Adó-Èkìtì níbí, níbi tí iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ àti inverter ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà àti amplifier yín ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ariwo tí ń ba orin jẹ́ ti ń wá.

Orin tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà ni. Nínú àwo CD, tí Philips àti Sony jọ ṣètò, tí ó sì dé ọjà ní 1982, ìgbà 44,100 ni a ń wọn ìgbì ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16 ni a sì fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. DAC ni ẹ̀rọ tí ń ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, tí ó sì ń sọ wọ́n di iná tí ń lọ sókè sódò bí ìgbì ohùn, kí amplifier tó gbà á, kí ó fún un lágbára, kí sípíkà sì fọhùn. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó ní ihò íápíìsì ló ti ní DAC kékeré kan nínú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ná owó, ó yẹ kí ó mọ ohun tí èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣe tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Ẹ má ṣe fi orin kankan sí i. Ẹ gbé ohùn amplifier sí ibi tí ẹ máa ń gbé e sí bí ẹ bá ń gbọ́ orin gan-an, kí ẹ sì sún etí mọ́ sípíkà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí mouse káàkiri, ẹ ṣí fáìlì ńlá kan, ẹ ki ṣájà bọ laptop, kí ẹ tún fà á yọ. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tí ó ń han bí mouse ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀, inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ariwo náà ti wá, DAC tí ó wà níta sì lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ hùn-ùn tí ó rẹlẹ̀ ni, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ṣájà bá wọlé, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ nǹkan kan rárá, sípíkà tí ó dára ju èyí tí ẹ ní lọ ni kí ẹ fi owó yẹn rà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ajílòsùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó DAC olówó gọbọi nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbọ́ hùn-ùn tí ń jáde láti inú sípíkà wọn. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa ṣájà yẹn yọ ná.” Bí wọ́n ti fà á yọ, ariwo náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń fi wáyà earth tirẹ̀ kan ilẹ̀ láti ara ṣájà, amplifier náà ń fi tirẹ̀ kan ilẹ̀ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, okùn orin tí a fi so wọ́n pọ̀ sì wá di ọ̀nà kẹta tí iná díẹ̀ ń gbà kọjá láàárín wọn. Bí iná wa ní Nàìjíríà ti ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà ni hùn-ùn yẹn ń dún ní 50 Hz, àti ní 100 Hz tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. DAC tí ń gba iná láti inú okùn USB kò lè fúnra rẹ̀ já ọ̀nà yìí, nítorí pé okùn USB náà ní wáyà ilẹ̀ nínú. Bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, hùn-ùn náà lè bá a wọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára pulọ́ọ̀gì nítorí èyí. Àwọn kan ń ṣe é, hùn-ùn sì máa ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà yẹn ni yóò gba ẹ̀mí ará ilé yín là lọ́jọ́ tí iná bá jò sí ara irin amplifier.

Okùn ìmọ́lẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Toshiba gbé jáde ní 1983, tí a ń pè ní TOSLINK, ni mo fẹ́ràn jù fún ìṣòro yìí. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń gbé àwọn nọ́ńbà náà kọjá nínú rẹ̀. Kò sí wáyà kankan láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, kò sì sí ibi tí hùn-ùn lè gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ihò rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ laptop òde òní kò ní in. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní, ó lè fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ya iná USB sọ́tọ̀ sí àárín kọ̀ǹpútà àti DAC, ṣùgbọ́n kí ó béèrè bí ó ti ń yára tó kí ó tó rà á, nítorí pé àwọn kan wà tí kò lè gbé ju mẹ́gábíìtì 12 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn tó fún bíìtì 24 ní 96 kHz (ìyẹn ìgbà 96,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó ju ti CD lọ), àmọ́ àwọn DAC kan wà tí kò ní bá a ṣiṣẹ́, nítorí pé iyára tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fẹ́. Ní ti inverter tí ìgbì iná rẹ̀ kò mọ́, amplifier alára ni yóò máa kùn nínú àpótí rẹ̀, kò sì sí DAC tí ó lè wo èyí sàn.

Ní ti chip, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó fi ọkàn wa balẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó ilé-iṣẹ́ AKM, tí ń ṣe chip DAC, ní Nobeoka ní Japan, chip wọn sì wọ́n lọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe DAC fi yí sí ti ESS, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń ṣe irú chip bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di aláìdára. Bí a ti ṣe to àwọn ẹ̀yà yòókù yí chip ká, bí iná tí a fún un ti mọ́ tó, àti ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mo kà sí ju orúkọ tí a kọ sára páálí lọ.

Àwọn nọ́ńbà gàgàrà ara páálí náà kò yẹ kí ó dẹ́rù bà yín. Etí ènìyàn ń gbọ́ láti 20 Hz dé nǹkan bíi 20,000 Hz, ó sì ń dínkù bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Bí a bá wọn ohùn ní ìgbà tí ó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, gbogbo ohun tí etí lè gbọ́ ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí 44,100 fi tó. Bíìtì 16 ń fún wa ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 96 láàárín ohùn tí ó ga jù àti ariwo ìsàlẹ̀. Èmi kì í san owó lé e nítorí 768 kHz.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni fáìlì tí a ń fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ. Orin alámọ̀ àwọn ìyá wa ní Èkìtì, àti àwọn orin tí Elémùré Ògúnyẹmí fi ẹ̀ka-èdè wa kọ, MP3 tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ sí kílóbíìtì 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni púpọ̀ nínú wọn tí ń kiri lórí fóònù, nígbà tí ti àwo CD jẹ́ 1,411. Ẹ gbọ́ ibi tí onígángan ti tú awọ ìlù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ohùn náà ń yọ̀ wálẹ̀: nínú fáìlì tí ó dára, ẹ óò gbọ́ ọ títí yóò fi tán pátápátá, nínú MP3 tí a fún mọ́lẹ̀ yẹn, ìparí rẹ̀ ti dàrú mọ́ ariwo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ sì ti sọnù. DAC kò lè dá ohun tí wọ́n ti gé dànù padà. Bí ẹ bá rí CD rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní FLAC, èyí tí kì í ju nǹkan kan nù.

Ẹni tí ó ń fi íápíìsì gbọ́ orin nìkan kò nílò àpótí ńlá. Okùn kékeré Apple tí a ń ki bọ ihò USB-C, tí wọ́n ń ta ní dọ́là 9 ní Amẹ́ríkà, ní DAC tí ó mọ́ nínú, ó sì ń fún íápíìsì ní nǹkan bíi fóltì kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, méjèèjì sì lè dé ọjà wa. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, A2049 ni ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìbòrí-etí bíi Sennheiser HD 600, tí ó jẹ́ ohm 300 (ìwọ̀n bí ó ti ń dènà iná tó), ń fẹ́ amplifier tirẹ̀.

Fún sípíkà, èyí tí mo máa ń ní kí ènìyàn wá ni DAC tí ó ní ihò USB àti ihò TOSLINK, tí ń fún amplifier ní fóltì 2, tí ó sì ní ihò iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo Windows orí kọ̀ǹpútà yín: láti Windows 10 ẹ̀dà 1703, tí ó jáde ní 2017, ni Windows ti ń dá DAC tí ń lo ìlànà USB irú kejì (USB Audio Class 2) mọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò béèrè driver, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá ẹ̀rọ mọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe DAC náà, mac àti Linux kò sì ní béèrè nǹkan kan.