Agbádá Tó Mutí Lọ Sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: èmi kọ́ ni mo mutí níbi ìgbéyàwó yẹn. Agbádá ni. Sányán bàbá àgbà, èyí tí gbogbo yín mọ̀. Èmi kàn wà nínú rẹ̀ ni.

Ẹ mọ àpótí Ìyá Àgbà, ibi tí agbádá náà ń gbé. Káńfọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju aṣọ lọ. Bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, ojú yín á ṣomi bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà.

Ẹni tó bá fẹ́ bá káńfọ̀ jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀. Èyí tó funfun róbótó tí wọ́n ń tà lọ́jà, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene ló sábà máa ń jẹ́, kì í sì í yọ́ sínú omi. Ẹ rẹ aṣọ náà mọ́jú, ẹ fi gbogbo ọṣẹ ilé fọ̀ ọ́, òórùn á kàn jókòó síbẹ̀ máa wò yín. Kì í domi kó tó lọ. Bó ṣe le gbagidi yẹn náà ló ṣe ń di afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn àti ìgbóná díẹ̀ ló lè lé e. Ẹ tú gbogbo ìṣẹ́po aṣọ, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fi í kọ́ sábẹ́ ìbòòji níbi tí atẹ́gùn á ti máa gba inú rẹ̀ kọjá, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì méjì. Oòrùn gangan á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń yọ òwú sányán, oòrùn sì ń gbó o títí á fi máa já. Bó bá jẹ́ ẹtù ni, aró rẹ̀ á ṣá. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, torí afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà náà.

Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo mọ gbogbo èyí, ẹ bi mí pé ìgbà wo ni mo yọ agbádá jáde. Ọjọ́bọ̀. Ìgbéyàwó di Sátidé. Nínú oṣù Keje, tí òjò ń rọ̀ tí kò dákẹ́.

(Kí n tó gbàgbé: ẹ̀yin tó ní ìkókó, ẹ má fi aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú káńfọ̀ pọn ọmọ, ẹ má fi í bò ó. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, òórùn káńfọ̀ yẹn sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn débi tí ojú wọn á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àpárá.)

Ẹni tí àkókò bá ti ń lé máa ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n po fínígà mọ́ béékìn sódà. Ẹ wá wo bó ṣe ń hó! Mo dúró tì í, mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ń mi orí. Híhó yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀kan ń pa agbára ìkejì ni, omi oníyọ̀ lásán ló kù nínú báàfù. Ẹ lo wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aṣọ òwú tó ti hu nínú àpótí: ife fínígà funfun 1 sí ife omi 4, ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì fi omi ṣan án dáadáa. Òórùn òógùn abíyá: ìdajì ife béékìn sódà nínú bókẹ́ẹ̀tì omi kan, mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má rẹ sányán sínú béékìn sódà, á jẹ ẹ́. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó ní enzyme náà á jẹ ẹ́: ohun tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin kúrò lára aṣọ kò mọ̀ pé sányán kì í ṣe oúnjẹ òun. Bílíìsì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí òun àti fínígà pàdé láé. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní firísà ni. Òtútù kì í pa òórùn, ó kàn ń fi oorun kùn ún. Bí ara aṣọ bá ti móoru, ó jí nìyẹn. Firísà ọ̀hún sì kún fún ẹja títù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ NEPA tí kò mú iná wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe mí lóore nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo rántí pé àwọn tó ń tọ́jú aṣọ eré orí ìtàgé máa ń fín fọ́díkà sí i. Òótọ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Fọ́díkà tí kò lábùlà, nínú ìgò tó ń fín wínníwínní, kí ẹ dúró bí ìwọ̀n rúlà kan sí aṣọ náà. Inú abíyá àti ọrùn nìkan. Ẹ kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí ibi tí ojú ò tó, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tẹ̀ ẹ́. Bí aró bá jáde, ẹ jáwọ́. Kó sì gbẹ pátápátá kí ẹ tó sún mọ́ ọn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù.

Kò sí fọ́díkà nílé. Ògógóró ló wà. Mo ní ṣebí ọtí lọtí.

Ọtí ò lọtí o. Fọ́díkà kò ní òórùn kan pàtó tó máa fi sílẹ̀. Ní ti ògógóró, ọtí inú rẹ̀ á fò lọ lóòótọ́, àmọ́ òórùn ẹmu tó bá a jáde nínú ìkòkò kì í bá a lọ. Ẹ sì mọ bí agbádá ṣe fẹ̀ tó. Mo fín iwájú, mo fín ẹ̀yìn, mo fín apá méjèèjì. Mo fín fìlà. Fìlà tí kò rùn! Kí ni fìlà ṣe mí?

Nígbà tí èrò kún inú ṣọ́ọ̀ṣì tí ara mi wá gbóná, káńfọ̀ àti ògógóró jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti yin Olúwa. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sún, wọ́n ń sún, títí bẹ́ǹṣì fi kù fún èmi nìkan. Ni dákónì bá dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí, ó fà á símú, ó dijú. Mo ti ń to àlàyé. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ti ẹmu ọ̀pẹ o. Ti ògùrọ̀ ni."

Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń se ògógóró látara ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi imú lásán ya méjèèjì sọ́tọ̀, láàárín káńfọ̀ àti lọ́fínńdà gbogbo ìyá ìjọ, ibo ló ti kọ́ṣẹ́? Dákónì tó máa ń wàásù lórí ọtí líle! Ó wá jókòó tì mí. Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, ó sì ń mí kanlẹ̀.

Èédú ló padà yọ mí. Ẹ fọ́ ọ sínú abọ́, ẹ gbé abọ́ náà sínú àpótí ike pẹ̀lú aṣọ, kí wọ́n má kan ara wọn, ẹ dé e pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ tún fi aṣọ gba atẹ́gùn.

Dákónì ti pè mí ṣá. Ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, òun náà sì ní agbádá tó ń rùn káńfọ̀. Mo ní fọ́díkà ni kí wọ́n rà, sà, ìdajì ife á tó abíyá àti ọrùn. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ti ògùrọ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn sì ti ra kẹ́ẹ̀gì kan.