Ẹ Má Wọ Abúlé Fíjì Lọ́wọ́ Òfo

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi owó Fíjì rà ní Suva, olú ìlú orílẹ̀-èdè erékùsù yìí ní òkun Pàsífíìkì, kì í ṣe oúnjẹ. Gbòǹgbò igi gbígbẹ ni. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọjà ńlá ìlú náà ni wọ́n ti ń tà á, òórùn rẹ̀ sì ti pàdé mi lórí àtẹ̀gùn kí n tó fojú kàn án, òórùn erùpẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ti èròjà ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà. Ìyá tó tà á fún mi, ọmọ ìran Íńdíà, ṣa gbòǹgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara wọn dànù, ó tò wọ́n kí orí wọn dọ́gba, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn nídìí, ó wá fi rìbọ́nù pupa so wọ́n. Ó béèrè abúlé tí mò ń lọ. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ó tú ìdì náà, ó sì fi gbòǹgbò díẹ̀ kún un. Ó ní baálẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń gbé ìdì tínńrín lọ bá. Owó rẹ̀ náà gbéra, kí n má purọ́.

Yaqona ni wọ́n ń pe gbòǹgbò yìí ní Fíjì; wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń pò ó mọ́ omi mu. Kava ni ọ̀pọ̀ ará Pàsífíìkì tó kù mọ̀ ọ́n sí. Àlejò tó bá fẹ́ wọ abúlé àwọn iTaukei, ìyẹn àwọn ọmọ onílùú, yóò gbé e kalẹ̀ níwájú olórí abúlé. Bí wọ́n bá gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn. Sevusevu ni orúkọ ètò náà. Ọmọ Yorùbá tó ti gbé obì àti ọtí lọ sí ààfin rí kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tó mú mi ronú ni ẹni tó tà á. Láàárín 1879 sí 1916 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará Íńdíà tó lé ní 60,000 lọ sí Fíjì láti ṣe iṣẹ́ oko ìrèké, lábẹ́ àdéhùn ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni. Girmitiya ni àwọn ọmọ wọn ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́, ìran wọn sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Fíjì lónìí. Wọ́n ń ta yaqona, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń mu ún lálaalẹ́ ju àwọn iTaukei kan lọ. Nínú ọjà yẹn kan náà, róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Íńdíà, tí wọ́n fi ọ̀dùnkún oníkọ́rì sí nínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì dalo, ìyẹn kókò tiwa. Ọjọ́ Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí Ànábì. Lọ́jọ́ Sunday ẹ̀wẹ̀, orin àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló ń gba gbogbo àdúgbò kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Suva ló mú mi lọ sí abúlé wọn ní ẹnu odò Rewa. A wọ bọ́ọ̀sì dé Nausori, a sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Kó tó wọ ọkọ̀, ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ká a sínú báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ró sulu, ìró tí tọkùnrin tobìnrin wọn ń ró. Ó ní kí èmi náà ṣí fìlà, kí n sì tọ́jú díńgí ojú mi, nítorí orí dídé kò yẹ nínú abúlé. Mo ní, "Ẹ̀yin mà di àṣà mú o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ìyá òun sọ fún òun pé àwọn ajíhìnrere ló mú sulu wá, pé ẹni tó bá ró o láyé ìgbà yẹn ń sọ fáráyé pé òun ti di onígbàgbọ́.

Òótọ́ sì ni. Ohun tí wọ́n ń wọ̀ lónìí láti fi hàn pé ọmọ Fíjì làwọn, tuntun ló jẹ́ nígbà kan. Ní Suva, mo rí lọ́yà tó wọ kóòtù àti táì lórí sulu tó lápò. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ró sulu funfun tí wọ́n gé etí rẹ̀ ṣóńṣó-ṣóńṣó. Lójú tèmi, ó dùn ún wò ju ṣòkòtò ọlọ́pàá tiwa lọ.

Ilé tí wọ́n gbà wá sí, búlọ́ọ̀kù àti páànù ni, wọ́n tẹ́ ẹní kúnlẹ̀. Àwòrán Jésù wà lára ògiri, ti ẹgbẹ́ eléré rugby tó gba wúrà ní Rio ní 2016 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù mẹ́rin ń gba iná lára bátìrì sólà kan. A jókòó, a ká ẹsẹ̀ kò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé yaqona mi síwájú, ó tẹrí ba, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ fún wọn pẹ́ títí. Àgbàlagbà kan fọwọ́ kan ìdì náà, ó dáhùn, gbogbo wọn wá pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n tẹ̀ kò, ìró rẹ̀ ń dún kíkankíkan. Wọ́n ti gún yaqona míì sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú tanoa, ọpọ́n onígi ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì fi igbá àgbọn bu tèmi. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní "Bula", mo gbé e mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó korò, ó ń ta ahọ́n, ètè mi sì kú tipiri. Kò pani bí ọtí, ara kàn ń rọ̀ ni. Bí igbá ṣe ń yí ká, wọ́n ń bi mí nípa Nàìjíríà: bóolù, bàtà tí mo wọ̀, iye ọmọ tí ìyá mi bí.

Etí òkun tó sún mọ́ ibẹ̀ ni ọkọ̀ Syria, tó kó àwọn Girmitiya, ti fọ́ mọ́ òkúta abẹ́ omi Nasilai ní oṣù Karùn-ún 1884. Ènìyàn 59 ló kú. Dókítà ìjọba tó bọ́ sómi láti gba àwọn tó kù là ni William MacGregor. Ọkùnrin yìí kan náà ló di gómìnà Èkó ní 1899, tó gbógun ti ibà àti àbàtà, tí wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe McGregor Canal. Ní 1901, ó ṣòfin ìgbìmọ̀ àwọn ọba àti ìjòyè fún ilẹ̀ wa. Fíjì ló ti kọ́kọ́ rí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bose Levu Vakaturaga, ìgbìmọ̀ ńlá àwọn ìjòyè tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì Arthur Gordon ló dá a sílẹ̀ ní 1876. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ló ti jí i wá. Mo kàn mọ̀ pé kò dé Èkó láìmọ irú rẹ̀.

Ìjọba tó fi ìbọn gbàjọba ní 2006 fagi lé ìgbìmọ̀ yẹn ní 2012. Oṣù Karùn-ún 2023 ló padà, ní erékùsù Bau. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ ìsinmi ṣe ìrántí àwọn Girmitiya, tí olórí ìjọba, Sitiveni Rabuka, sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìran Íńdíà nítorí ìjọba méjì tó fipá gbà ní 1987. Inú mi dùn sí méjèèjì, àmọ́ àṣà tí a bá fi sínú òfin ní ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mò ń sọ. Ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Fíjì lọ tó jẹ́ ti àwọn agbo ilé onílùú, tí wọ́n ń pè ní mataqali; kò ṣeé tà. Àwọn àgbẹ̀ ìran Íńdíà ń yá a fún ọdún 30, nígbà tí ìwé àdéhùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í parí ní 1997, ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù kúrò lórí oko tí bàbá wọn gbìn.

Lọ́nà ìpadà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú mi yà sọ́dọ̀ bàbá Íńdíà kan tó ń gbin ìgbá àti ẹ̀fọ́ lẹ́yìn Nausori, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé yaqona kalẹ̀ nínú ike ọ̀dà, kò sí ọpọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ gígùn. Bàbá náà ń sọ èdè iTaukei kedere fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń sọ Híńdì fún ìyàwó, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Mo béèrè bóyá ìdílé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló ni ilẹ̀. Ó ní rárá, agbo ilé míì ni, ìwé rẹ̀ sì ku ọdún díẹ̀. Ó ní òun máa ń gbé yaqona lọ fún wọn lọ́dọọdún, yálà ìwé sọ bẹ́ẹ̀ tàbí kò sọ ọ́. Ó wá bi mí, "Lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ta ló ni ilẹ̀?"

Mo ní ìdílé ló ni ín, àmọ́ láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, gómìnà ló ń buwọ́ lùwé.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, ó sì bu igbá míì fún mi.