Máàkì wọ́ọ̀dù àbúrò mi

Ọ̀kun o ẹ̀yin èèyàn mi. Iyán ni mo ń jẹ lọ́wọ́ ní Kàbbà níbí nígbà tí àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà l'Amẹ́ríkà pè, ohùn ẹ̀ ti há, ó ní High Pass ni wọ́n fún òun ní wọ́ọ̀dù internal medicine (ìtọ́jú àìsàn inú ara àwọn àgbà), kì í ṣe Honors tó ga jù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ internal medicine yẹn gan-an lòun fẹ́ ṣe residency ẹ̀, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé dókítà. Ó dùn mí o, torí látìgbà tí Step 1, ìdánwò àkọ́kọ́ fún ìwé àṣẹ dókítà níbẹ̀, ò ti ní máàkì mọ́ ní 2022, tó jẹ́ pé o yege tàbí o ò yege nìkan ni, máàkì wọ́ọ̀dù ni àwọn tó ń gbani sí residency túbọ̀ ń wò, ó sì máa wà nínú lẹ́tà tí díìnì ilé ìwé ẹ̀ máa kọ sí wọn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, Step 2, ìdánwò tó tẹ̀ lé e, ṣì ní máàkì, sub-internship náà, ìgbà tó máa ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù bíi dókítà tuntun, ṣì wà níwájú, kó ṣe é débi tí dókítà àgbà á fi kọ lẹ́tà gidi fún un. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Iyán yẹn ti tutù.