Eré tí mo pa tì, àti ìwé inú dúrọ́ọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Pánsẹ́kẹ, l'Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe: "Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó tú u." Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Eré tẹlifíṣàn kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, *Halt and Catch Fire*, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn AMC ní Amẹ́ríkà gbé jáde láti 2014 dé 2017. Apá mẹ́rin ni, àwọn tó ń wò ó kò sì tó nǹkan.

Èmi náà pa á tì. Joe MacMillan, tí Lee Pace ṣe, wọ kóòtù wọlé, ó ń fẹnu dárà fún gbogbo ayé, mo ní irú ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo sùn.

Ohun kan ṣáá kò kúrò lójú mi. Joe àti Gordon Clark, ẹnjiníà kan, jókòó sí gáréèjì, wọ́n tú kọ̀ǹpútà IBM palẹ̀, wọ́n sì ń ka ohun tó wà nínú BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá tàn án, díẹ̀díẹ̀: ẹnì kan ń pè é, ẹnì kejì ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ wá Cameron Howe, ọmọbìnrin tí kò rí ti IBM rí, pé kó kọ tuntun, kí òfin má baà mú wọn. Irú ọ̀nà yìí ni iléeṣẹ́ Compaq gbà ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n kéde ní 1982.

Ní àsìkò yẹn, ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì la máa ń rán an. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé ló ń kọ sínú ìwé kan, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láptọ́ọ̀pù kan wá dé tí kò tan. Ọjọ́ méjì gbáko ni èmi àti ẹnì kejì mi fi pààrọ̀ RAM, tí a yá ṣájà, tí a ń dá NEPA lẹ́bi. Ọmọbìnrin náà rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ti wá rí. Ìdí ihò ṣájà la jó nígbà yẹn." Mo ki mítà bọ̀ ọ́: lẹ́ẹ̀dì, òjé tí a fi ń lẹ ihò ṣájà mọ́ pátákó ẹ̀rọ, tí mo fọwọ́ ara mi jó ti là. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná tan. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ẹ̀wà ọjọ́ náà.

Alẹ́ yẹn ni mo padà sídìí eré náà. Donna, ìyàwó Gordon, ẹnjiníà ni ní iléeṣẹ́ Texas Instruments, ṣùgbọ́n bí aya ilé lásán ni mo ṣe ń wò ó. Nígbà tí iṣẹ́ Cameron pòórá lórí kọ̀ǹpútà, òun ló jókòó tì í tó gbà á padà. Láti apá kejì, òun àti Cameron ló ni ìtàn, nínú iléeṣẹ́ wọn Mutiny, tí èèyàn ti ń fi wáyà tẹlifóònù ṣeré géèmù, tí wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn lámèyítọ́ yí ohùn padà. Àwọn òǹwòran ti lọ ní tiwọn.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ fara da apá kìíní. Ẹ máa wo ojú Donna nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń pariwo. Ọmọbìnrin yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Lafenwa báyìí. Ìwé rẹ̀ ló wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì. Ojú ewé tó fi sílẹ̀ lófìfo ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ tiyín.