Ife nǹkan oṣù, páàdì, àti egbò tí wọn kì í rán

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo ife nǹkan oṣù, ife kékeré rírọ̀ tí à ń kì sí ojú ara kó lè gba ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ló rà á fún mi nígbà tí owó páàdì ń fò sókè. Ẹni tó bá ń jókòó nídìí máṣíìnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀: kì í tú sára aṣọ, kì í bó èèyàn nítan, mi ò sì ní máa yí ìdí síkẹ́ẹ̀tì mi wò nínú dígí bí oníbàárà bá ti jáde. Mò ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kórìíra ife. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú agolo mílíìkì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi fínígà tí wọ́n ti fi omi là pa ẹnu ilé ọmọ mi, ibì kan níbẹ̀ sì funfun. Ibi tó funfun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ dandan. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò HPV ló ń yí ẹran ara ibẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń gba ọdún púpọ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá tètè gé e kúrò, kì í sábà débẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe fún mi ní ọsibítù ńlá ni wọ́n ń pè ní LEEP: wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka, tí iná ń gba inú rẹ̀, ni wọ́n fi há ibẹ̀ kúrò. Wọ́n kọ́kọ́ gún mi lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn mí. Kò pẹ́ rárá.

Nígbà tí dókítà ní ó ti parí, ẹnu mi ò gbà mí láàyè.

"Dókítà, ẹ ò ní rán an?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí kì í ṣe èyí tí à ń rán, Ma. Ó máa jiná fúnra rẹ̀."

Ó fi oògùn kan tó rí bí ẹrẹ̀ kùn ún kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi bí mo ṣe ń wọ bàtà: "Ẹ má ki nǹkan kan bọ ojú ara fún ọ̀sẹ̀ 4 o. Kí Dádì náà ṣe sùúrù." Mo ní mo ti gbọ́. Ọkọ mi nìkan ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ife mi ò wá sí mi lọ́kàn rárá, torí lójú tèmi kì í ṣe "nǹkan" mọ́, ó ti dà bíi pátá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó ń jáde dà bí èlùbọ́ tí omi bà, ó dúdú díẹ̀, ó rí kóró-kóró. Oògùn tí wọ́n kùn ni, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ní ọjọ́ 12, nǹkan oṣù mi dé. Mo se ife mi nínú omi gbígbóná bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fi sí i, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́ tí mo fẹ́ yọ ọ́, mo kánjú. Mi ò tẹ ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọlé, mo kàn fà á. Ó fà mí nínú bí ẹnu ìgò ṣe ń fa àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e pupa fòò, ó ń kán sílẹ̀ balùwẹ̀ tó, tó, tó, èyí tó dì nínú rẹ̀ sì tóbi bí ègé ẹ̀dọ̀.

Ní ọsibítù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi mí ni pé, "Páàdì mélòó ló ti rin gbingbin láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀?" Àgékù ànkárá ni mo dì mọ́ra wá láti Òkè-Àró. Kò sí bó ṣe lè kà á.

Ó ṣàlàyé fún mi pé egbò yẹn máa ń ní èépá, èépá náà sì máa ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àsìkò yẹn gan-an ni mo fi ife fà á. Ẹ ronú etí aṣọ tí a gé tí a ò tíì ṣẹ́: ohunkóhun tó bá kàn án, ó ń tú. Kòkòrò sì lè bá ohun tí èèyàn kì wọlé gòkè. Wọ́n tún oògùn kùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ 4 lákọ̀tun, èyí tó dun ọkọ mi jù mí lọ.

Nítorí náà, títí ọ̀sẹ̀ 4 á fi pé, ẹ má lo tampon, òwú kíká tí wọ́n ń kì sínú. Ẹ má lo ife. Òwú tàbí tíṣù tí àwọn kan máa ń ká tì sínú nígbà tí páàdì bá tán, ohun kan náà ni. Álọ́ọ̀mù, àgbo tí wọ́n fi ń fọ abẹ́, ọṣẹ olóòórùn, gbogbo wọn "nǹkan kan" ni. Màámi wá láti Oǹdó, wọ́n ní kí n jókòó sínú omi gbígbóná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ní, "Màámi, ẹ máà bínú, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jókòó sínú omi kankan." Kí n máa bu omi sára lórí ìdúró ni wọ́n wí. (Wọ́n tún ní kí n má lọ lúwẹ̀ẹ́. Ní Àkúrẹ́ tí mo ti ń jí fa omi kànga, níbo?)

Páàdì tí mo wá ń lò jẹ́ èyí tó gùn tó sì fẹ̀, tí kò ní lọ́fínńdà. Olóòórùn dídùn yẹn máa ń mú kí ibẹ̀ yún èèyàn, bí ibẹ̀ bá sì ń yún yín lásìkò yìí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá páàdì ni tàbí àìsàn. Mò ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, bí kò tilẹ̀ tíì kún. Ẹ rà á sílẹ̀ kí ẹ tó lọ ṣe iṣẹ́ náà, torí yàtọ̀ sí nǹkan oṣù, omi àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè máa jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó jẹ́ pé yìnyín tàbí ooru ni wọ́n fi pa ibi tó funfun náà dípò kí wọ́n gé e, omi ló máa ń pọ̀ jù. Ti Màámi tó dára ni aṣọ: òwú funfun, ká fọ̀ ọ́ mọ́, ká sá a sí oòrùn gan-an, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú. Mo rán mẹ́fà.

Mo tún ń wo páàdì kí n tó dì í sọnù. Bó bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tí èkejì sì tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ lọ sí ọsibítù. Bó bá ń rùn, tí ara yín ń gbóná, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn yín gidi, ẹ lọ. Ẹni tí wọ́n kàn já ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ tirẹ̀ kì í sábà gùn tó tèmi, àmọ́ kó béèrè, kó sì dárúkọ ohun tó ń lò.

Èmi ò tilẹ̀ fi mọ sí orúkọ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò, mo gbé agolo mílíìkì mi dání. Mo ṣí i, mo gbé ife náà lé orí tábìlì dókítà.

"Eléyìí ńkọ́?"

Ó wò ó, ó wò mí. Ó yẹ̀ mí wò, ó sì tún wo ife náà.

"Ó di oṣù tó ń bọ̀, Ma."