Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Bu Òkèlè Fúnra Wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín sí wọ́ọ̀dù tí a ti ń kọ́ aláìsàn láti tún dìde, okun o. Níhìn-ín ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí "okun" ti jẹ́ ìkíni wa, àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ dá wó àti ọ̀dọ́ tí ọ̀kadà gbé ṣubú ni ẹ ó máa bá pàdé jù.

Ọwọ́ mi yá púpọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan láti Ìyàgbà wà lọ́dọ̀ wa, apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn ti rọ. Bí iyán wọn bá dé, èmi ni mo ń bù ú sí wọn lẹ́nu, ìyàwó wọn á sì máa súre fún mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, físíò, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn láti tún lo ara rẹ̀, gbé ife omi síwájú wọn, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún mú un. Bàbá kọjú sí mi, wọ́n ń retí kí n gbé e fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún tí nǹkan kan ò ṣe! Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń wọ ẹ̀wù, ẹ dúró tì wọ́n, kódà bó gba ogún ìṣẹ́jú. Apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọnú ẹ̀wù. Tí wọ́n bá ń bọ́ ọ, apá tí nǹkan kan ò ṣe ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ má fi apá tó rọ fa ẹnikẹ́ni dìde láé, èjìká lè yẹ̀.

Ẹ má sì bu oúnjẹ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń gbé nǹkan mì. Kó jókòó dáadáa, kó má sì dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ.

Ní ti egbò àdùbúlẹ̀, a máa ń yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ ti mọ ìyẹn. Àmọ́ ìwé á ní kí ẹ wá ibi tó pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ẹ fọwọ́ kan gìgísẹ̀, ìbàdí àti egungun òkè ìdí: ṣé ó gbóná, ṣé ó le ju àyíká rẹ̀ lọ?

Bí ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, tó sì ba okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, bá ṣàdédé ní orí ń fọ́ òun, tí òógùn bò ó lójú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, ẹ má sáré lọ mú parasítámọ́ọ̀lù. Ẹ gbé e jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún un, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ká tàbí ó dí, kí ẹnì kan sì pe dókítà kíákíá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Màmá kan láti Kábbà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, gbogbo wa sì ń sọ̀rọ̀ lé wọn lórí bíi pé wọn ò sí níbẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo kúnlẹ̀, mo ní, "Okun o, màmá." Wọ́n ní, "Okun." Ó já geere lẹ́nu wọn. Ìkíni tó ti mọ́ ènìyàn lára láti kékeré lè ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ yòókù bá lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kí i, kí n sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko sí i ló gbà kí bàbá Ìyàgbà tó bu òkèlè fúnra wọn. Àkọ́kọ́ já sórí aṣọ ìbora, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ta sí wọn láyà. Ìyàwó wọn nawọ́ láti gba àwo. Mo rọra di ọwọ́ ìyàwó wọn mú. Bàbá bu òmíràn.